Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin Ọba Rẹ́mọ: ẹ pè wá jókòó pẹ̀lú àwọn ará Sábó

Ẹ̀yin Kábíyèsí, ẹ̀yin Ọba Rẹ́mọ tí Akárìgbò jẹ́ olórí yín,

Mo kúnlẹ̀, mo kí yín. Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ọmọ Mákùn ni mí ní Ṣágámù. Ìdílé Mùsùlùmí ni wọ́n bí bàbá mi sí, ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún ìyá mi, èmi sì jẹ́ Bahá'í, ẹ̀sìn kan tó ti Ìráànì wá. Ohun tí mo wá tọrọ kò pọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ yan ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, lọ́dọọdún, tí ọmọ Rẹ́mọ àti àwọn tó ń bá wa gbé, Háúsá, Ígbò, Ègùn, Àgàtú láti Benue, yóò jọ jókòó níwájú yín ní Ṣágámù, kí a sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1999, nígbà tí Yorùbá àti Háúsá jà níbẹ̀, síra wa létí, kí a sì jọ gbèrò bí a ó ṣe máa gbé pọ̀. Mo gbà pé ó ṣeé ṣe nítorí mo ti rí irú rẹ̀ níbi kékeré kan, ìtàn ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ rò fún yín.

Kì í ṣe ẹnu gbogbo Bahá'í ni mo fi ń sọ̀rọ̀ o. Àwa kò ní àlùfáà, kò sì sí ẹnì kan tó lè dá dìde láàrin wa kó ní òun ń sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo ìjọ. Ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn ló ni ìyẹn. Èmi nìkan ni mo jókòó kọ èyí.

Ẹ̀yin Kábíyèsí mọ̀ jù mí lọ pé ẹ̀sìn kì í sábà dá ìjà sílẹ̀ láàrin wa. Nílé wa, ìyá mi ló ń jí bàbá mi ní sààrì nínú oṣù Ramadan, bàbá mi ló sì ń ra adìyẹ Kérésìmesì. Lọ́dọ̀ àwọn ìbátan wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn Mùsùlùmí ló bẹ̀rẹ̀ Ojúde Ọba láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ tó fún wọn láyè ẹ̀sìn wọn. Lónìí, ta ló ń bi ẹni tó wà lórí ẹṣin bóyá Jímọ̀ ló ń lọ tàbí Sọ́ńdè? Kò sí ilé ìwé tí wọ́n ti kọ́ wa ní èyí. Inú ilé la ti kọ́ ọ, nítorí ẹ̀gbọ́n ẹni ni Lèmọ́mù, àbúrò ẹni ni bàbá ìjọ, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè kórìíra ẹ̀sìn ẹni tí wọ́n jọ ń pín ogún.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ni ẹsẹ̀ wa ti ń yọ̀. Ẹni tí kì í ṣe Yorùbá lè gbé àárín wa títí orí rẹ̀ yóò fi funfun, kó sin òbí rẹ̀ síbí, kó bí ọmọ tó gbọ́ èdè Rẹ́mọ ju àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó lọ. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ, àjòjì ni.

Ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ni mí ní oṣù Keje 1999. Orò ni wọ́n ní ó fà á: wọ́n ní wọ́n bá obìnrin Háúsá kan níta lálẹ́ tí obìnrin kò gbọdọ̀ jáde. Kò pẹ́ tí iná fi ń jó ní Sábó. Yorùbá kú, Háúsá kú. Nígbà tí àwọn tó sá lọ dé Kánò pẹ̀lú ìròyìn, wọ́n kọjú ìjà sí àwọn Yorùbá tó ń gbé ọ̀hún, àwọn tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ ọ̀nà Ṣágámù rí. Mi ò ní tú ọgbẹ́ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú lẹ́tà. Ojúkojú ló yẹ ká ti sọ ọ́.

Obìnrin ni mí, mo mọ bí alẹ́ Orò ṣe ń rí nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé pa. Ṣùgbọ́n àwa, láti kékeré ni wọ́n ti ń kìlọ̀ fún wa. Ìyá wa rán wa létí, aládùúgbò rán wa létí. Ta ló sọ fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkè Ọya, tí kò gbọ́ ju "ẹ kú àárọ̀" lọ? Mi ò sọ èyí láti ta ko ìṣẹ̀ṣe, Kábíyèsí. Ọ̀rọ̀ ìkéde ni mo ń sọ, màá sì padà sórí rẹ̀.

Òwò gbànja ni ìyá mi ń ṣe. Ẹ̀yìnkùlé wa la ti ń rẹ obì sómi, tí a ń bó o, tí a ń ṣà á, tí a ń yọ èyí tí kòkòrò ti dá lu sọ́tọ̀, kí a tó fi ewé gbòdògì tẹ́ agbọ̀n kí a sì tò ó sínú rẹ̀. Àlàájì kan ní Sábó ló ń rà á. Àwìn ni wọ́n ń bá ara wọn tà, láìsí ìwé, láìsí ẹlẹ́rìí. Nígbà tí ìjà bẹ́, Àlàájì sá lọ pẹ̀lú gbèsè obì ìyá mi lọ́rùn, gbogbo ará ilé sì ní kí ìyá mi gbà pé owó náà ti wọgbó. Kí ọdún tó yí po, ó padà wá. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó ka owó náà, ó pé. Ìyá mi bu omi fún un, ó béèrè àwọn ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ.

Orúkọ àwọn ọmọ yẹn ni mo fẹ́ ká dúró lé. Ìyá mi kò mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń ṣòwò, kò wọ ilé Àlàájì rí, àwọn ọmọ Àlàájì kò sì jẹun nílé wa rí. Wọ́n lè fi owó ọkọ̀ obì odindi lé ara wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n lálẹ́ tí iná ń jó, Àlàájì kò mọ̀ bóyá òun lè kan ilẹ̀kùn wa, ìyá mi kò sì mọ ilé tí ì bá sáré lọ wò. Mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé òwò ló máa so Nàìjíríà pọ̀. Mo rí òwò tó dára, tó mọ́, tó ní ìgbẹ́kẹ̀lé nínú, kò sì gba ẹnikẹ́ni là lọ́jọ́ náà.

Ní Ago-Ìwòyè, nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ni mo pàdé àwọn Bahá'í. Ọmọ Cross River kan tí a jọ ń gbé ilé kan náà ló ní kí n bá òun lọ síbi àdúrà ìrọ̀lẹ́. Yàrá kan ni, ẹní ni wọ́n tẹ́. Wọ́n ka àdúrà Bahá'í, ẹnì kan ka Sáàmù, ẹlòmíràn ka Fátíhà. Ó dùn mọ́ mi, kò sì ṣàjèjì sí mi, nítorí bẹ́ẹ̀ nilé wa rí. Àwọn tó jókòó ló yà mí lẹ́nu: télọ̀ kan ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ìyá Ígbò kan tó ń ta páàtì ọkọ̀, bàbá Ègùn kan tó ń ṣiṣẹ́ oko, tọkọtaya ará Ìráànì kan tí wọ́n ti dàgbà. Nígbà tí a jẹun tán, ìyá ará Ìráànì náà kó àwo, ó bọ́ sẹ́yìn lọ fọ̀ ọ́. Mo ní, "Màmá, ẹ fi sílẹ̀." Kò dá mi lóhùn, ó kàn fi orí júwe kèrègbè omi fún mi.

Mo mọ ohun tí àwọn èèyàn ń pè wá. Àwọn kan ní Ṣíà ni wá, àwọn kan ní ẹgbẹ́ òkùnkùn. Kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Ní 1844, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Shiraz tí a ń pè ní Báb kéde pé Ẹni tí gbogbo ẹ̀sìn ń retí ti fẹ́ dé. Wọ́n yìnbọn pa á ní Tabriz ní 1850. Bahá'u'lláh, ọmọ ìjòyè láti Tehran, ló kéde ní 1863 pé òun ni Ẹni náà. Wọ́n ti lé e kúrò ní Ìráànì lọ sí Baghdad, wọ́n tún lé e lọ sí Istanbul, lọ sí Edirne, títí wọ́n fi tì í mọ́ ìlú olódi Akka. Láti ìgbèkùn yẹn ló ti ń kọ̀wé sí àwọn ọba ayé. Ọ̀kan nínú wọn ni Ayaba Victoria. Ó yìn ín pé ó fòfin de òwò ẹrú, ó sì yìn ín pé ó fi ìmọ̀ràn ìlú lé ọwọ́ àwọn tí ará ìlú yàn. Nítorí náà, kíkọ lẹ́tà sí ọba kì í ṣe ohun tuntun nínú ẹ̀sìn wa, ẹ má bínú sí mi.

Oṣù Karùn-ún 1892 ni Bahá'u'lláh papò dà. Oṣù yẹn náà ni àwọn ọmọ ogun Victoria kan náà ja ogun Ìmàgbọn, tí wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Mo máa ń ro oṣù yẹn gan-an. Nítorí kí ọ̀nà lè ṣí fún òwò ni wọ́n ṣe yìnbọn fún àwọn baba wa, kí àjòjì lè máa kọjá láàrin wa bó ṣe wù ú. Ọ̀nà náà ṣí lóòótọ́. Òun náà ló gbé àwọn olóbì dé Sábó, òun ló gbé Àgàtú àti Ègùn wá sí oko wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ìbọn ṣí ọ̀nà kò sọ fún wa bí a ó ṣe bá ẹni tó gba ọ̀nà náà wọlé gbé. Èyí ni ẹlẹ́wọ̀n Akka fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ: pé láti inú erùpẹ̀ kan náà ni a ti dá gbogbo wa, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ara rẹ̀ ga ju ẹnì kejì lọ. Ọmọ Áfíríkà ló sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé etí ilé wa. Enoch Olinga, ọmọ Uganda, ló mú un dé Kamẹrúùnù tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní 1953, láti ibẹ̀ sì ni àwọn tó gbà á gbọ́ ti tàn káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Kò sí ẹni tó mọ pàtàkì ìjókòó bíi tiyín, Kábíyèsí. Ààfin ni wọ́n ti ń kọ́ ẹni tó ń jókòó lápá ọ̀tún, ẹni tó ń jókòó lápá òsì, ẹni tó ń dúró. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ìtàn tó kàn yìí yóò yé yín ju bó ṣe yé mi lọ.

Ọkùnrin òyìnbó kan láti Amẹ́ríkà wá kí wa nígbà kan. Bó ṣe wọlé ni gbogbo wa dìde. Àga onítìmùtìmù kan ṣoṣo tó wà nínú ilé, bàbá Ègùn ló wà lórí rẹ̀ nítorí orúnkún tó ń dùn ún, kíá ló sì ti ń dìde fún òyìnbó. Kò sẹ́ni tó ní kó dìde. Òun náà ti mọ ààyè tí ayé fi òun sí. Òyìnbó náà kọ̀. Ó di bàbá náà lọ́wọ́ mú, ó fi í jókòó padà, òun fúnra rẹ̀ lọ jókòó lórí ẹní láàrin àwọn ọmọdé. Lẹ́yìn ìpàdé ló wá sọ fún wa ibi tí òun ti kọ́ ọ.

Washington ni, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin 1912. 'Abdu'l-Bahá, ọmọ Bahá'u'lláh, wà ní Amẹ́ríkà lọ́dún náà. Ó sọ̀rọ̀ ní Yunifásítì Howard níwájú dúdú àti funfun, lẹ́yìn náà ni wọ́n se oúnjẹ ọ̀sán fún un nílé aṣojú ìjọba Ìráànì. Àwọn ènìyàn ńlá ìlú ni wọ́n pè. Louis Gregory, lọ́yà aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ ọmọ-ọmọ ẹrú, ti wá rí 'Abdu'l-Bahá nínú ilé náà, ṣùgbọ́n wọn kò pè é síbi oúnjẹ. Ó ti ń lọ. Nígbà tí wọ́n jókòó tán, 'Abdu'l-Bahá béèrè rẹ̀, ó ní kí wọ́n pè é padà, ó ṣí àwọn nǹkan orí tábìlì sípò láti fi ààyè sílẹ̀, ó sì fi í jókòó sápá ọ̀tún òun gan-an. Nílùú tí dúdú àti funfun kì í ti í jọ jẹun.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Louis Gregory fẹ́ Louisa Mathew, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ló ka irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin nígbà náà, ó sì di 1967 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ tó wọ́gi lé irú òfin yẹn.

Àwa náà ní irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ ní Rẹ́mọ. Tai Solarin mú Sheila, ìyàwó rẹ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wá sí Ìkẹ́nnẹ́, wọ́n jọ dá Mayflower sílẹ̀ ní 1956, obìnrin náà sì wà pẹ̀lú wa títí ó fi kú ní 2012. Ta ló jẹ́ pè é ní àjòjì? Ṣùgbọ́n bí Sheila bá jẹ́ ọmọ Àgàtú ńkọ́?

Mo mọ ìdáhùn rẹ̀, nítorí ọmọ Àgàtú ni mo fẹ́. Benue ni bàbá ọkọ mi ti wá ṣe alágbàṣe, oko àwọn ará Ìjẹ̀bú-Igbó ló sì ti lo agbára rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n bí ọkọ mi sí. Olùkọ́ ni, Bahá'í sì ni. Nígbà tí mo dárúkọ rẹ̀ nílé, bàbá mi, ẹni tó fẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tí kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ wò, bi mí pé: "Àgàtú tó ń bá wa kọ ebè?" Kò pariwo. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń retí kí n sọ pé eré ni. Lọ́wọ́ kejì, ìyá ọkọ mi ní obìnrin Yorùbá kò ní jẹ́ kí ọmọ òun rántí ọ̀nà ilé mọ́.

Òfin Bahá'í ni pé gbogbo òbí tó wà láàyè, tọkùnrin tobìnrin, níhà méjèèjì, gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìgbéyàwó, ẹ̀sìn yòówù kí wọ́n máa ṣe. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ìyà nìyẹn, kí a gba kóòtù lọ. Mo sunkún lórí òfin yẹn. Síbẹ̀ òun ló ṣe wá lóore jù, nítorí bí a bá ti gba kóòtù lọ, à bá ti ní ìwé ìgbéyàwó láìní àna.

Ìyá ará Ìráànì tó ń fọ àwo níjọ́sí ló bá mi lọ sílé, ọjọ́ Iléyá ló sì yàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́. Ọmọ Shiraz ni. Ní Shiraz, ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà 1983, wọ́n yẹgi fún obìnrin Bahá'í mẹ́wàá ní ọjọ́ kan ṣoṣo nítorí pé wọn kò sẹ́ ìgbàgbọ́ wọn. Ọmọ ọdún 17 ni èyí tó kéré jù nínú wọn, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tó ń kọ́ àwọn ọmọdé sì wà lára ohun tí wọ́n kà sí i lọ́rùn. Obìnrin tó ti ìlú yẹn wá jókòó ti bàbá mi lọ́jọ́ Iléyá, ó kí i kú ọdún, ó jẹ ẹran àgbò, ó béèrè nípa ìyá bàbá mi tó ti kú. Kò dárúkọ ìgbéyàwó rárá. Lẹ́yìn tó lọ ni bàbá mi bi mí ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ìráànì. Mo sọ fún un. Ó dákẹ́ títí di Àsàrí. Ó wá ní, "Kò sì kórìíra wa?"

Kò parí síbẹ̀, ó tún gba àkókò. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni bàbá mi gbà pé kí bàbá ọkọ mi wá. Nígbà tó dé pẹ̀lú iṣu Benue, ọ̀rọ̀ iṣu ni àwọn méjèèjì ń sọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti gbọ́ pé ẹni tó ń kọ ebè fún ará Ìjẹ̀bú-Igbó ní ilẹ̀ tirẹ̀ nílé, ilẹ̀ tó fẹ̀ ju gbogbo tiwa ní Mákùn lọ. Mo mọ̀ pé kò yẹ kó jẹ́ ilẹ̀ ló sọ ọ́ di èèyàn lójú bàbá mi. Mo kàn ń sọ bó ṣe rí ni.

Ẹ má rò pé mò ń pe àwa Bahá'í ní áńgẹ́lì. Ní Washington kan náà, àwọn onígbàgbọ́ funfun kan kò fẹ́ kí àwọn àti dúdú máa jọ ṣe ìpàdé, ọ̀rọ̀ náà sì pẹ́ kó tó tán nílẹ̀. 'Abdu'l-Bahá fúnra rẹ̀ ló ní kí Agnes Parsons, obìnrin funfun olówó kan, ṣètò àpérò ìrẹ́pọ̀ dúdú àti funfun, èyí tó wáyé ní Washington ní oṣù Karùn-ún 1921. Ní 1938, Shoghi Effendi, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń darí wa nígbà náà, ṣì ní láti kọ̀wé sí àwọn Bahá'í Amẹ́ríkà pé ẹ̀tanú àwọ̀ ni ìṣòro tó le jù níwájú wọn. Ó ní kí àwọn funfun bọ́ èrò pé àwọn ga jù sílẹ̀, kí àwọn dúdú náà sì fi tọkàntọkàn gba ẹni tó bá na ọwọ́ òótọ́ sí wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, lẹ́yìn ìbò 2023, àwọn kan nínú wa fi ọ̀rọ̀ tí kò yẹ nípa Ígbò ránṣẹ́ lórí WhatsApp. A kì í dá sí òṣèlú ẹgbẹ́, síbẹ̀ ooru ìgbà yẹn wọlé tọ̀ wá. Ìyá tó ń ta páàtì kò wá sí Àsè Ọjọ́ Mọ́kàndínlógún, ìpàdé ìjọ wa tí a ń ṣe ní ọjọ́ mọ́kàndínlógún mọ́kàndínlógún, kò sì wá sí èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn méjì lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Níbi Àsè tó kàn, a sọ ọ́ síta lójú gbogbo ènìyàn, láìdárúkọ ẹni tó fi í ránṣẹ́, ìyá náà sì sọ bó ṣe rí lára rẹ̀ láìsí ẹni tó já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mi ò lè ní ó ti tán nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti lè sọ ọ́.

Nínú lẹ́tà 1938 yẹn, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin Kábíyèsí gbé yẹ̀ wò. Ẹni mẹ́sàn-án la ń yàn sínú ìgbìmọ̀ wa lọ́dọọdún ní oṣù Kẹrin, pẹ̀lú ìbò ìkọ̀kọ̀. Kò sí ẹni tó ń polówó ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tí a ń fà kalẹ̀. Bí ìbò ènìyàn méjì bá dọ́gba, tí ọ̀kan nínú wọn sì wá láti inú ẹ̀yà tó kéré, òun ni ipò náà tọ́ sí, a kì í tún ìbò dì. Ó ṣẹlẹ̀ níwájú mi: olùkọ́ àgbà kan ọmọ ìlú àti bàbá Ègùn. Bàbá Ègùn wọlé. Àwọn kan kùn pé kò ka ìwé. Òun ló wá sọ fún ìgbìmọ̀ pé àwọn ọmọ abà kò lè wá sí kíláàsì ọmọdé tí a ń ṣe nígboro, nítorí ọjọ́ tí a yàn fún un ni wọ́n ń ru ẹ̀gẹ́. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú àwọn mẹ́jọ yòókù. A gbé kíláàsì lọ sí abà, àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lábà náà sì ń bá wọn jókòó níbẹ̀.

Ṣágámù ni ìlú tí èyí ò gbọdọ̀ ṣòro fún. Ìlú mẹ́tàlá ló kóra jọ ní 1872 kí ogun má baà dá wọn mú lọ́kọ̀ọ̀kan. Mákùn tiwa wà níbẹ̀, Ọ̀fìn wà níbẹ̀, kálukú ló sì mú ọba rẹ̀ àti Òṣùgbó rẹ̀ dání wá. Ó dá mi lójú pé àwọn náà kò fẹ́ràn ara wọn lọ́jọ́ kìíní. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n jókòó, wọ́n pín ilẹ̀, wọ́n pín ọjọ́ ọjà, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn. Ta ló wá ní mẹ́tàlá ni iye náà gbọdọ̀ jẹ́ títí láé?

Nítorí náà, Kábíyèsí, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún rèé. Kí ìkéde Orò máa jáde ní èdè Háúsá, Ígbò àti Ègùn pẹ̀lú Yorùbá, kó dé mọ́ṣáláṣí Sábó, kó dé ọ̀dọ̀ àwọn onípáàtì, kó dé abà, kó sì jáde ní ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán ṣáájú ọjọ́ náà. Èyí kò ná ìlú ní nǹkan. Lẹ́yìn náà, ìjókòó oṣù Keje. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó di ti ìyìn-ara-ẹni, kí kọmíṣọ́nnà kan wá ka ìwé kí oníròyìn sì ya fọ́tò. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa àgọ́ Sábó lọ́tọ̀, àgọ́ ọmọ ìlú lọ́tọ̀. Ẹ da ìjókòó pọ̀. Ẹ jẹ́ kí obìnrin sọ̀rọ̀ níbẹ̀, nítorí lórí obìnrin kan ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, mi ò sì rántí pé ẹnikẹ́ni bi àwa obìnrin ní ohun tí a rí. Kí wọ́n ka orúkọ àwọn tó kú, Yorùbá àti Háúsá, láti ẹnu kan náà. Kí ìgbìmọ̀ kan sì jáde láti ibẹ̀ tí yóò máa jókòó láàrin ọdún, kí ẹ fi bàbá Ègùn kan sí i, kí ẹ fi ìyá onípáàtì kan sí i, kí ẹ sì máa gbọ́ ohun tí wọ́n bá mú wá láti ibi tí àwa kì í dé.

Àkọsílẹ̀ orúkọ ni yóò gba àkókò jù. Àwọn tó mọ ẹni tó kú ní òpópónà kọ̀ọ̀kan ti ń dàgbà, àwọn mìíràn ti padà sí òkè Ọya, a ó sì ní láti ránṣẹ́ sí wọn. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, mo lè bẹ̀rẹ̀ ti Mákùn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tí wọ́n bí sí Sábó, tó gbọ́ Háúsá tó sì gbọ́ Yorùbá, ti ní òun yóò ṣe ti ìhà ọ̀hún. Ẹ sọ ẹni tí a ó kó o fún ní ààfin.

Mo ń retí èsì yín. Kí ẹ̀mí yín gùn.

Ọmọbìnrin yín láti Mákùn, Ṣágámù